Bọ́ọ̀lù Ọmọ Yín
Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbé Amẹ́ríkà, bí ọmọ bá ń bẹ̀ yín fún bọ́ọ̀lù bowling tirẹ̀, ẹ má kánjú lu ihò rẹ̀. Kí ẹni tí yóò lù ú kọ́kọ́ wọn ọwọ́ ọmọ náà. Àmì kékeré kan wà lára bọ́ọ̀lù tó ń fi ọ̀gangan ohun wúwo inú rẹ̀ hàn. Bó bá wà lókè ihò ìka, bọ́ọ̀lù sábà máa ń rìn jìnnà kó tó yà. Bó bá wà nísàlẹ̀, a tètè yà. Dídí ihò tí a ti lu, owó mìíràn ni.

Ara rẹ̀ ló rọrùn. Bí òróró ojú pákó bá pọ̀, ẹ fi sáńpépà 500 ha á. Bó bá gbẹ, ẹ dán an. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí tó ń kọ mọ̀nà, ẹ má gbọ́ tiwọn! Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ha á o; láàárín ìdíje, òfin kò gbà á.