Ọ̀rọ̀ Ògiri Àjọní

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìjọba. Ti ògiri ni. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀.

Ní Alajue, ní ìlú Ẹdẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìlú Yorùbá gbogbo, agbo ilé ni àwọn baba wa kọ́. Yàrá fara ti yàrá, ògiri kan ṣoṣo a sì máa gbé òrùlé ẹni méjì. Ìwé kò sí níbẹ̀, nítorí pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi po amọ̀ náà, gbogbo ẹbí ni ó sì mọ bí ó ti rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wó apá tirẹ̀, iwájú baálé ni yóò kọ́kọ́ dé.

Nísinsìnyí, ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun a fi owó ránṣẹ́ sí bíríkìlà pé kí ó wó ilé baba òun, kí ó sì gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dìde. Bíríkìlà yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí ó jìn ju ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí ògiri náà dúró lé yóò yẹ̀. Omi òjò láti orí páànù tuntun yóò sì máa dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀tá amọ̀ kò ju omi lọ. Sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ẹ lójú kò gbà á là, nítorí pé ṣe ni ó ń sé omi mọ́ inú rẹ̀, títí yóò fi ṣí kúrò lára rẹ̀. A máa ń wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ìjà ẹbí ni a sì ń fi òwe náà bá wí. Níhìn-ín, ògiri gan-an ni ó ń lanu, ìyá àgbàlagbà kan sì lè wà tí ó ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí iná ńlá jó Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1666, òfin tí wọ́n fi tún ìlú náà kọ́ pàṣẹ pé kí ògiri tí ó wà láàrin ilé méjì dúró ní ìdajì-ìdajì lórí ilẹ̀ àwọn méjèèjì, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́lé sì gba ìdajì owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì kí òun náà tó lò ó. Lónìí, òfin ọdún 1996 ni wọ́n ń lò: ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ lára ògiri àjọní gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún aládùúgbò rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, bí ẹnìkejì kò bá fọwọ́ sí i láàrin ọjọ́ 14, àwọn onímọ̀ ilé ni yóò dá sí i. Ọmọ Yorùbá tí ó nílé ní Peckham kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí ni ó wá dé tí ẹni kan náà, bí ó bá dé Ẹdẹ, fi ń rò pé owó òun tó àṣẹ?

Àwọn kan yóò wí pé ìwé láàrin ọmọ baba kan náà, àìfọkàntánni ni. A gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó nígbà tí gbogbo àwọn tí ó gbọ́ ọ ń jí nínú agbo ilé kan náà lójoojúmọ́. Lónìí, ẹni tí ó gbọ́ ọ ti lè kú, kí ọmọ rẹ̀ sì wà ní Houston láìmọ̀ pé baba òun ti gba owó ìdajì ògiri.

Nítorí náà, kí a tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, kí àwọn méjèèjì jókòó níwájú baálé, kí bíríkìlà sì wà níbẹ̀. Kí wọn ya àwòrán ògiri náà pẹ̀lú gbogbo ibi tí ó ti là tẹ́lẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹnìkan a ní, “Iṣẹ́ rẹ ni ó la ògiri mi,” èkejì a ní, “Ó ti là kí n tó dé.” Kí wọn kọ bí ìpìlẹ̀ yóò ti jìn tó, ibi tí omi yóò gbà, ẹni tí yóò tún yàrá aládùúgbò ṣe bí ó bá bàjẹ́, àti iye tí aládùúgbò yóò san bí ó bá fẹ́ gbé igi òrùlé tirẹ̀ lé ògiri tuntun náà lẹ́yìn ọ̀la. Ní èdè Yorùbá ni kí a kọ ọ́, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà tí ìyá àgbàlagbà náà kò gbọ́. Kí a kà á sí i létí kí ó tó tẹ̀ka. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ó jẹ́, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ baálé.

A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ àwọn baálé Alajue kí wọn kí ó ra ìwé ńlá kan fún iṣẹ́ yìí kí òjò tó tún dé. Ẹni tí ó bá sì ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn ẹlòmíràn láti rí, láìdárúkọ onílé.