Ta Ni Yóò Bá Alágbàro Sọ̀rọ̀?

Lọ́jọ́ tí NLC àti TUC da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, abúlé wa ní ìhà Lálúpọn ni mo wà. Iná ti lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn ìyá tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé wa kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó, tí ọ̀bẹ ń lọ, tí agbọ̀n ń kún. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé owó òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń jà fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ làwa ń bẹ."

Ó dùn mí, torí pé ohun tí òfin náà wí nìyẹn. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, tí ₦30,000 fi di ₦70,000, yọ àwọn kan sílẹ̀: ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ẹni tí wọ́n ń wo ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ sanwó fún, àti iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà bíi ti oko. Ẹ wá wo Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọnà-Àrà. Ebè ni wọ́n ń kà fún alágbàro, ní igba-igba, kó tó gbowó. Agbọ̀n ni wọ́n ń kà fún ìyá ẹlẹ́gẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kó ìgbẹ́ adìẹ níbi ọ̀sìn kan tí mo mọ̀ kò ju mẹ́fà lọ. Gbogbo wọn ló bọ́ síta. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ kéde ₦80,000, a bá àwọn olùkọ́ wa yọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Alágbàro kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni, abala 40 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ yẹn. Àmọ́ òṣìṣẹ́ 50 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí ẹgbẹ́ wọn tó lè forúkọ sílẹ̀. Ti àwọn agbanisíṣẹ́, méjì péré ti tó. (Ẹ tún un kà.) AAEUN, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko tó wà lábẹ́ NLC, n kò rí aṣojú rẹ̀ lábúlé wa rí. Bẹ́ẹ̀ aláta ní ẹgbẹ́, ọlọ́kadà ní ẹgbẹ́, àwọn tó sì ni ẹ̀rọ gàrí lọ́dọ̀ wa máa ń fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọ́n máa san lórí agbọ̀n kan. Ẹni tó ń ta agbára rẹ̀ nìkan ló ń dá ná ọjà tirẹ̀.

Ilẹ̀ yìí kan náà sì ni Àgbẹ́kọ̀yà ti dìde ní 1968 sí 1969, lábẹ́ ìjọba ológun. Àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san ní owó orí. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Táfà Adéoyè ní Akánrán kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀, owó orí sì wá sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀mí bọ́ sí i, n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn. Owó orí ni wọ́n sì bá jà, kì í ṣe owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, nígbà tí kò sí ìbò rárá. Àwa ti ń dìbò láti 1999.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á máa tún òfin owó oṣù náà gbé yẹ̀wò báyìí, èyí tó bọ́ sí 2027, ọdún ìbò. Akínyẹlé àti Lágelú ní aṣojú kan l'Ábújá, Ẹgbẹ́dá àti Ọnà-Àrà ní kan. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò, kó kọ́kọ́ sọ fún wa bóyá òun á dìbò kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko kúrò nínú àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Kí NLC ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì rán èèyàn wá. Abúlé kan lè má mú 50 wá, abúlé mẹ́rin tàbí márùn-ún á mú un wá.

Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo ka àwọn ìyá tó wà nídìí ẹ̀gẹ́. Mọ́kànlá ni wọ́n. N kò tíì dé abúlé kejì.