Rélùwéè Great Western: ìjọba tún nawọ́ sí i

Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2024, pé òun yóò máa gba ọkọ̀ ojú irin èrò padà lọ́wọ́ àwọn aládàáni, kan Great Western náà. Ọdún 1948 ni ìjọba kọ́kọ́ gbà á, kó tó tún bọ́ sọ́wọ́ aládàáni ní 1996.

Àwọn oníṣòwò Bristol ló dá a sílẹ̀ ní 1833. Brunel, ẹni ọdún 26, ṣe ojú irin tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ fún un, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yòókù kò tó márùn-ún. Ọkọ̀ rẹ̀ yára lóòótọ́, àmọ́ ní Gloucester, níbi tí oríṣi méjèèjì ti pàdé, ńṣe ni wọ́n ń tú ẹrù kalẹ̀ láti dì í sínú ọkọ̀ mìíràn. Agídí ni wọ́n fi fà á dé 1892 kí wọ́n tó sún irin tó kù mọ́ra.

Ìjà tòní yàtọ̀. Láti 2002 ni ojú irin ti wà lọ́wọ́ Network Rail, tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, kálukú a máa nàka sí ẹnìkejì. Ìyẹn ni ìjọba fẹ́ tún ṣe. Owó ọkọ̀ ni èrò ń wò ní tiwọn.