Kí Àwọn Òbí Wa Tó Gbéra Lọ sí Mẹ́kà



Lọ́dọọdún ni a máa ń sin àwọn àgbà jáde lọ sí Hájì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, àwọn ọmọ ni ó sì sábà máa ń san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó sísan nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ọmọ. Ní ọdún 2024, nígbà tí ooru Mẹ́kà dé ìwọ̀n 51.8, ìjọba Sáúdí Arábíà kéde pé ènìyàn 1,301 ni ó kú. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí ó kú, 83 ni kò ní ìwé àṣẹ. Wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìní ibòòji. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun yóò mú òbí yín lọ lówó pọ́ọ́kú láìsí físà Hájì, ẹ má ṣe dá a lóhùn.

Àyẹ̀wò ara ni ó ṣáájú. Nígbà tí ó bá ku oṣù méjì, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn Tchamba tàbí CHR Sokodé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò. Oògùn wọn gbọ́dọ̀ tó wọn lò títí wọn yóò fi dé, kí ó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, nínú àpò ọwọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì kò ṣeé fò: ti ibà pọ́njú àti ti yírùnyírùn. Kí wọ́n gbà wọ́n, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn-àjò. Láti ọdún 2016, ti ibà pọ́njú lẹ́ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Ti yírùnyírùn a máa lo ọdún 3 tàbí 5, gẹ́gẹ́ bí irú abẹ́rẹ́ náà bá ti rí. Ẹ tọ́jú carte jaune bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ìrìnnà.

Láti Sokodé dé Lomé ju kìlómítà 300 lọ. Kí wọ́n dé Lomé ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n sùn dáadáa.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn bíi mẹ́rin lè jọ sùn nínú yàrá kan. Káàdì ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n. Kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè aṣọ ìnura tàbí omi lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ń tún yàrá ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná nínú yàrá tàbí nínú àgọ́. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1997, iná jó àgọ́ ní Mínà, ó sì pa ènìyàn 343. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi àgọ́ tí iná kì í tètè ràn rọ́pò ti àtijọ́.

Kí wọ́n máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì mú agbòòrùn dání. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ fàyè gba aláìlera láti yan ẹni tí yóò bá a ju òkúta ní Mínà. Kí àgbà má ṣe fi ipá ṣe ohun tí agbára rẹ̀ kò ká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì ní èdè Lárúbáwá àti nọ́ńbà olórí ẹgbẹ́ wọn sórí ìwé, kí ẹ fi sí wọn lápò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́run mú wọn lọ láyọ̀, kí ó sì mú wọn bọ̀ láyọ̀.