Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Ẹni Tó Fẹ́ Ra Kámẹ́rà

Bí àgbàlagbà bá sọ pé "ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́," ẹni tó ń náwó kọjá agbára rẹ̀ ló sábà máa ń bá wí. Ẹni tó yáwó ṣe òkú, ẹni tó gba ilé oníyàrá mẹ́rin nígbà tó jẹ́ òun nìkan ló ń sùn níbẹ̀, àwọn là ń pa òwe náà fún. Ó ti wá di òwe ìkìlọ̀ fún àṣejù, a sì ti gbàgbé pé ó ní apá kejì. Lóòótọ́, eku kì í kọ́ ìtẹ́ tó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kì í kọ́ èyí tó máa há mọ́ ọn náà. Òkété tó bá ki orí bọ ihò ẹ̀lírí, ìdí rẹ̀ á wà níta, ibẹ̀ sì ni ajá ọdẹ yóò ti bá a.

Apá méjèèjì ni mo máa ń rí nínú ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn ń bi mí, torí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn fọ́tò: ṣé kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò ni kí àwọn rà, àbí DSLR, ìyẹn kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, kó ṣáà jẹ́ èyí tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n? Bí mo bá ní kí ni wọ́n fẹ́ fi yà, ọ̀pọ̀ wọn á dákẹ́. Wọ́n ti ń wá ìtẹ́ láìtíì wo eku.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú àwọn kámẹ́rà náà. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú wọn ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6, kò sì ga tó 5. Èékánná ọmọńdinrín fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Ti DSLR aláìlówó púpọ̀, bíi Nikon D3500 tó jáde ní 2018, fẹ̀ tó mìlímítà 23.5, ó sì ga tó 15.6. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 13 ti kékeré. Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn lọ́sàn-án. Ẹ gbé méjèèjì síta láàárọ̀, ẹ ya ilé kan náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó ń wọ inú álíbọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ wá ní kí aládùúgbò yan èyí tí kámẹ́rà ńlá yà. Kò ní mọ̀ ọ́n. Alẹ́ ló ń tú àṣírí. Lábẹ́ àgọ́ àríyá, lẹ́yìn agogo méje, tó jẹ́ gílóòbù kan ló ń tàn ní igun kan, kámẹ́rà kékeré á máa fipá wá ìmọ́lẹ̀ tí kò sí, ojú ìyàwó á sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n wọ́n gààrí sí.

Ẹni tó ń ta DSLR á gbọ́ èyí, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan tí kì í sọ dé. Lẹ́ńsì tí wọ́n ń dì mọ́ kámẹ́rà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní 18-55, ojú rẹ̀ kò là púpọ̀. Nọ́ńbà f tó wà lára lẹ́ńsì, bó bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe là tó. Bí ẹ bá sì fa 18-55 yìí dé òpin, f/5.6 ló ń dúró sí. Kámẹ́rà kékeré kan bíi Canon S95 tó jáde ní 2010 ń là dé f/2 nígbà tí ẹ kò bá tíì fà á. Ẹni tó wá ra kámẹ́rà ńlá, tí kò sì yọ lẹ́ńsì àkọ́kọ́ yẹn títí tí kámẹ́rà fi gbó, ti da púpọ̀ nínú èrè owó rẹ̀ nù. Lẹ́ńsì kejì ni DSLR fi ń yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 50mm f/1.8 wà lára àwọn tówó wọn kéré jù lọ lọ́dọ̀ Canon àti Nikon, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí 18-55 ń gbà nígbà tí wọ́n bá fà á dé òpin. Bó bá jẹ́ pé owó kámẹ́rà nìkan lẹ ní, tí kò sí ti lẹ́ńsì kejì lọ́kàn yín, ẹ tún inú rò.

Ìyá kan tó ń ta léèsì àti àǹkárá ní Gbági, n'Ìbàdàn, ti fẹ́ẹ̀ san owó DSLR tán nígbà tó pè mí. Aṣọ ló fẹ́ máa yà fún àwọn oníbàárà orí WhatsApp, àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí wọ́n bá wá lọ́dún. Mo ní, "Mọ́mì, ta ló máa gbé e?" Ó rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà ńlá, lẹ́ńsì, báàgì, bátìrì tó ń fẹ́ iná, gbogbo ìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù tí aṣọ ti kún dé àjà. Kámẹ́rà kékeré bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àní kí n má parọ́, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ti tó. Bí ọjà ṣe rí lágbàáyé náà nìyẹn. Ní 2010, kámẹ́rà tó lé ní mílíọ̀nù 120 ni àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan kó jáde; ní 2023, kò tó mílíọ̀nù 8. Fóònù ló gbajà mọ́ wọn lọ́wọ́, kámẹ́rà kékeré ló sì fara gbá a jù. Àwọn kékeré tó ṣì níláárí báyìí ni èyí tó lè fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, tàbí èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi ju tẹ́lẹ̀ lọ, bíi Sony RX100 tí wọ́n gbé jáde ní 2012. Kékeré labẹ́rẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Owó rẹ̀ sì máa ń ju ti DSLR tòkunbọ̀ lọ.

Ti ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Mushin, l'Ékòó, yàtọ̀. Ó ku díẹ̀ kó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ó sì ní, "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi kékeré yìí bẹ̀rẹ̀, owó ọwọ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Mo bi í pé ta ló máa pè é sóde. Àwọn èèyàn wa á kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ kí wọ́n tó wo iṣẹ́ ẹ. Kò dáa, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ká tiẹ̀ gbé ìyẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ju kámẹ́rà kékeré lọ. Bí oòrùn bá mú gangan, ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà kékeré kì í fi nǹkan kan hàn mọ́, àfojúbù lásán lẹ ó máa fi yà. Nínú DSLR, dígí kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì tó ń gbé ohun tó wà níwájú wá sí ojú ihò tí a ń yọjú wò. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, dígí náà á gbéra, ìmọ́lẹ̀ á kọjá sórí sẹ́ńsọ̀, dígí á padà sáyè rẹ̀. Ìró tí à ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò nìyẹn. DSLR sì yá gan-an. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, kó tó rí ojú bàbá ìyàwó tán, owó tí bàbá lẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú ti já bọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo fi nǹkan kan han ọmọ náà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ńlá tàbí kékeré. Bàbá kan wà lóde àríyá kan tí a jọ lọ, aláwọ̀ dúdú, ó wọ agbádá funfun, àgọ́ funfun ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo kámẹ́rà ló gbà pé ohun tó wà níwájú òun kò funfun jù, kò sì dúdú jù. Bó bá wá rí funfun rẹpẹtẹ báyìí, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Agbádá á wá rí bí eérú, ojú bàbá á ṣókùnkùn, eyín nìkan la ó máa rí. Bọ́tìnì tí wọ́n ya àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò sí lára ló ń tún èyí ṣe. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ó yí i sí +1, ó tún yà á. Agbádá funfun padà, ilà ojú bàbá sì yọ. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, ètò yìí wà níbẹ̀. Àwọn tó ni wọ́n ni kò wá a rí.

Àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún láyé ọjọ́un mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dáadáa. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ nípa wọn ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á tún wọ aṣọ ti èkejì, wọ́n á tún yà á. Kò sí kámẹ́rà olówó gọbọi kan tó kọ́ wọn ní ìyẹn.

Ọmọ Mushin yìí gbọ́n, ó dá mi lóhùn. Ó ní ṣebí Brownie, kámẹ́rà ọmọdé lásán, ni J. D. 'Okhai Ojeikere, gbajúmọ̀ onífọ́tò Nàìjíríà, fi bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, Brownie D ló rà ní 1950. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà yẹn: ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ni. Ní 1954 ló wọ ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Ìbàdàn, tó ń ṣèrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn. 1968 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Brownie bá eku 1950 mu. Ọmọ tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ oníyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀ kì í ṣe eku yẹn mọ́.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ẹni tó fẹ́ fi fọ́tò jẹun, tàbí tó fẹ́ kọ́ ọ dé gbòǹgbò, kó ra DSLR tòkunbọ̀, kó sì fi lẹ́ńsì kejì kún un. Owó wọn ti wálẹ̀, torí láti 2018 ni Canon àti Nikon ti ń gbájú mọ́ kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú. Ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kó lo fóònù rẹ̀, àfi bí ohun tó fẹ́ yà bá jìnnà ju ibi tí fóònù ń rí lọ. Nígbà náà ni kó ra kékeré.

Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ mú mẹ́mọ́rì káàdì tiyín dání. Ẹ bèèrè iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ DSLR tówó rẹ̀ kéré fún. Ẹ yọ lẹ́ńsì, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án wò látẹ̀yìn: bí ẹ bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ Nikon D3000 sí D3500 lẹ rà, ẹ yẹra fún lẹ́ńsì àtijọ́ tí kò ní mọ́tò nínú, torí ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ya igun tó ṣókùnkùn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí olùtajà bá sì kọ̀ kí ẹ yà á wò, ẹ fi í sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Ọ̀tìgbà, n'Ìkẹjà.