Ọmọ tí kì í bá ẹgbẹ́ gbe orin eré: ṣé alágídí ni, àbí etí ló ń dà á láàmú?

  

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti oògùn. Ti eré ni. Mo ń sọ̀rọ̀ eré tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lágbàlá, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí ariwo wọn kì í jẹ́ kí àgbà tó fẹ́ sùn lọ́sàn-án rójú sùn. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń yọjú lójú fèrèsé tí a ó ní kí wọ́n lọ kàwé, tàbí ká gbé fóònù fún wọn kí ilé lè dákẹ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó lé wọn, ẹ jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa wò wọ́n. Ibi tí ọmọ ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ni àìsàn tó fara pa mọ́ sí i lára ti máa ń yọjú. Èyí tó sì máa ń pẹ́ jù kí àwa òbí tó fura sí ni ti etí, nítorí etí tí kò gbọ́ràn dáadáa kì í wú, kì í sì í fi gbogbo ìgbà dunni.

Eré wa kì í ṣe eré lásán

Ẹ wo tẹ́ńtẹ́n tí àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn. Ọmọ méjì á kọjú síra wọn, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fò, wọ́n á sì na ẹsẹ̀ kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ṣe bára mu tàbí tí kò bára mu ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí. Ẹ wo ẹkùn mẹ́ran. Àwọn ọmọ á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á pa agbo, ẹran á wà láàárín, ẹkùn á wà lẹ́yìn agbo. Ẹnì kan á máa lé orin, àwọn yòókù á máa gbè é, ẹkùn á sì máa wá ibi tí yóò gbà wọlé. Súwè ńkọ́, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan fò láàárín ilà tí wọ́n fà sórí ilẹ̀?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀, débi tí èémí rẹ̀ á fi yára, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Wọ́n ní kó sì máa ṣe èyí tó ń mú egungun àti iṣan le ní ó kéré tán ọjọ́ 3 láàárín ọ̀sẹ̀. Fífò wà lára ohun tó ń mú egungun le. Ta ló ń fò tó ọmọ tó ń ṣe tẹ́ńtẹ́n? Kò ná wa ní kọ́bọ̀, kò sì gba pápá ńlá.

Àjọ yìí kan náà ti sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò nílò kó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, àti pé ti ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù rẹ ọmọ lẹ́kún láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò.

Orin ń ran ahọ́n ọmọ lọ́wọ́

Orin eré wa ní lílé, ó ní gbígbè. Ọmọ tó fẹ́ gbè é gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹni tó ń lé e sọ, kó dúró títí yóò fi kàn án, kó tó la ẹnu. Ohun kan náà ni à ń ṣe nígbà tí a bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí eré orin fi máa ń fi bí ọ̀rọ̀ sísọ ọmọ ṣe ń lọ hàn wá.

Nígbà tí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọdún 1, ó yẹ kó ti máa bá ìyá rẹ̀ ṣe eré àpàtẹ́wọ́. Ní ọdún 2, ó yẹ kó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi kó ní "màmá, omi." Ní ọdún 4, ọ̀pọ̀ ọmọ á ti lè sọ díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ orin tàbí ìtàn tó mọ̀. Ní ọdún 5, ọ̀pọ̀ wọn á ti lè fi ẹsẹ̀ kan fò. Lóòótọ́, ọmọ kò rí bákan náà, ẹ má torí pé ti aládùúgbò yín yá jù ú lọ kí ẹ máa kígbe. Ṣùgbọ́n bí ọdún ọmọ bá ti kọjá ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí dáadáa tí kò sì lè ṣe é, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí bàbá rẹ̀ náà ṣe pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Bojúbojú ń dán etí wò

Gbogbo wa la mọ bojúbojú. Wọ́n á bo ẹnì kan lójú, yóò máa pè, àwọn yòókù á máa dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń sá lọ fara pamọ́, nígbà tó bá yá, yóò ṣí ojú, yóò sì máa wá wọn kiri. Ẹ kíyè sí i pé fún ìwọ̀nba àkókò tí ojú ọmọ náà fi wà ní bíbò, etí nìkan ló kù fún un.

Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa gbọ́n púpọ̀. Ojú ló fi ń ṣe etí. Yóò máa wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, yóò máa wo ọwọ́ àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, bí wọ́n bá ti pa á ni òun náà á pa tirẹ̀. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á rò pé ó ń gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbẹ́yìn díẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tí wọ́n bá wá bò ó lójú, ọ̀rọ̀ á dà rú. Kò ní mọ ìgbà tí wọ́n dáhùn, kò ní mọ apá ibi tí ohùn ti wá. Òmíràn á bú sẹ́kún, òmíràn á kúkú sọ pé òun kò ṣe mọ́.

Ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọkùnrin náà. Níléèwé, wọ́n ní alágídí ni, kì í dáhùn tí wọ́n bá pè é. Nílé, ẹgba ni bàbá rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo bi ìyá àgbà léèrè pé, "Màmá, kí lẹ rí tí ẹ fi mú un wá?" Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ọmọ yìí kì í ṣe alágídí. Ìdí ìsáná ni mo máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń ṣeré. Ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wò kó tó pa tiẹ̀. Tí wọ́n bá sì bò ó lójú, kò mọ̀ pé wọ́n ti dáhùn." Nígbà tí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, awọ etí méjèèjì ti lu. Etí tó ti ń ṣọyún láti kékeré ni, tí wọ́n ń fi òróró sí tí wọ́n sì ń fi òwú nù. Bàbá rẹ̀ tó tẹ̀ lé wọn wá kàn ń wo ilẹ̀ ni. A kọ̀wé fún wọn láti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí, a sì ní kí wọ́n bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé kó jẹ́ kó máa jókòó níwájú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ò rí i pé ìyá àgbà tí kò mú irin iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ló rí ohun tí gbogbo ilé àti iléèwé kò rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ohun tó ń ba etí ọmọ jẹ́, àti ohun tí ẹ lè ṣe

Lọ́dún 2016, àjọ WHO ṣàlàyé pé nínú ọmọ 100 tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa, nǹkan bí 60 ló jẹ́ pé a lè dènà ohun tó fà á. Nínú ohun tó ń fà á ni éèyi, àrùn yírùnyírùn, etí tó ń ṣọyún, wàhálà nígbà ìbímọ, àti àwọn oògùn kan tó ń pa etí lára.

Nítorí náà, ẹ mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Ti éèyi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ní Nàìjíríà, ní oṣù 9 àti oṣù 15. Bí ojú àti ara ọmọ tuntun bá pọ́n bí ẹni fi àtàrí pa á, ẹ má ní oòrùn àárọ̀ ló máa wò ó sàn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí èyí tó bá le lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́ jẹntamísìn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́, torí abẹ́rẹ́ náà wà lára àwọn tó lè ba etí jẹ́ tí wọn kò bá lò ó bó ṣe yẹ. Etí tó bá ń ṣọyún kò fẹ́ òróró, kò fẹ́ omi ọmú, kò fẹ́ ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná. Dókítà ló fẹ́.

Bí ẹ bá ń fura, ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ nígbà tí kò rí yín, kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, torí ilẹ̀ tó mì lè jẹ́ kó yíjú láìgbọ́ ohùn. Èyí kì í ṣe àyẹ̀wò ilé ìwòsàn o, ọ̀nà ìfura lásán ni. Bí kò bá dáhùn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, wọ́n á sì darí yín sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, irú èyí tó wà ní UCH n'Íbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó.

Tí wọ́n bá sì sọ pé etí ọmọ kò ní gbọ́ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú agbo eré. Ẹ jẹ́ kó dúró níbi tó ti lè rí ojú gbogbo wọn. Yóò rí àtẹ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n lára bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Ọmọ tí a bá dá nìkan gbé sílé ló ń pàdánù méjì.

Àwọn àmì mìíràn tí ẹ lè rí lágbo eré

Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá sáré díẹ̀, yóò lóṣòó sílẹ̀ láti mí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ọmọ tí eegun sábà máa ń dùn lẹ́yìn eré, tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n bí òféèfèé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ tó ń ṣeré dáadáa lọ́sàn-án, tó wá ń kọsẹ̀ tàbí tó ń kọlu nǹkan tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó lè jẹ́ pé èròjà fítámì A ló dín lára rẹ̀. Epo pupa, ẹ̀fọ́, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ẹran ní in, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ láti oṣù 6 títí di ọdún 5 ní in ní àwọn ibùdó ìlera, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ẹ̀yin àgbà, ọwọ́ yín ló kù sí

Ẹ̀yin lẹ mọ orin wọ̀nyí ju àwọn òbí ọmọ lọ. Àwọn tó ń gbé ilé olódi lóde òní, ọmọ wọn kò mọ ọmọ ilé kejì. Ẹ bá wa pè wọ́n jọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ẹ tó gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ lé orin, kí wọ́n gbè é, kí ẹ̀yin náà máa pàtẹ́wọ́. Apá àti èjìká yín á nà, ilé á sì dùn fún yín. Ọmọ tí kò lè sáré nítorí àìsàn, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó máa bá yín lé orin.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Kó jìnnà sí títì, sí kànga tí kò ní ìdérí àti sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ yọ ilẹ̀kùn fíríìjì tó ti bàjẹ́ kúrò, kí ẹ sì ti mọ́tò pa nígbà gbogbo, torí àwọn ọmọ tó ń ṣe bojúbojú lè wọnú rẹ̀ lọ fara pamọ́, kí wọ́n má sì rí ọ̀nà jáde. Ẹ gbé omi mímu sítòsí. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ gún ìṣó, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ ìdènà àrùn ipá.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ṣáájú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wo ọmọ ilé rẹ̀ lágbo eré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo ẹni tó ń lé orin, ẹni tó ń gbè é, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbẹ́yìn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbẹ́yìn yẹn, ẹ má nà án. Ẹ mú un wá.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí.