Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Tí Kọ̀ Láti Dàgbà

Ẹ̀yin òbí wa, inú mùdùnmúdùn egungun ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, tí í ṣe ọmọ ogun ara, ti ń dàgbà kí ó tó jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́. Nínú oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí àwọn dókítà ń pè ní APL, wọn kì í dàgbà. Ṣe ni wọ́n ń pọ̀ bí èpò, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára aláìsàn.

Ní ọdún 1985, ní ìlú Shanghai ní Ṣáínà, Dókítà Wang Zhenyi lo oògùn kan tí í ṣe ìbátan fítámì A fún ọmọdébìnrin ọlọ́dún 5. Oògùn náà kò dojú ìjà kọ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Ó mú wọn dàgbà ni, wọ́n sì kú nígbà tí ó yẹ. Ara ọmọ náà yá.

Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn tí APL ń ṣe ni ó ń rí ìwòsàn, bí wọ́n bá tètè dé ilé-ìwòsàn. Fítámì A tí a ń rà lọ́jà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú tàbí erìgì láìnídìí, kí ó yára lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.